Ohun Tí Gbòǹgbò Ń Ṣe sí Oògùn Apakoríko Nínú Ilẹ̀



Ọ̀rọ̀ tí a mú wá sí iwájú yín lí òní kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni, èyíinì ni ilẹ̀ tí a ń ro, tí a sì ń jẹ nínú èso rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá gba ọ̀nà Afọ́n, tàbí ọ̀nà Málétè, tàbí ọ̀nà Bódè Sáàdú jáde kúrò ní Ìlọrin nígbàtí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀, yóò rí ohun tí àwọn baba ńlá wa kò rí. Yóò rí ọkùnrin kan ṣoṣo tí ó pọn ẹ̀rọ ìfín-oògùn sẹ́hìn, tí ó ń rìn láti ìpẹ̀kun oko kan dé ìpẹ̀kun rẹ̀ kejì, tí ó ń fín omi sí orí koríko. Nígbàtí ọjọ́ mélòókan bá kọjá, koríko náà yóò ti rọ, yóò sì ti gbẹ bí ẹni pé iná rà á. Iṣẹ́ tí ọ̀wọ́ alágbàṣe ìbá fi ọjọ́ púpọ̀ ṣe ni ọkùnrin yìí fi òwúrọ̀ kan ṣe.

A kò dìde láti dá àgbẹ̀ náà lẹ́bi. Owó alágbàṣe ti ga, àwọn ọmọ tí ìbá gbé ọkọ́ ti lọ sí ìlú ńlá, èpò kò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí olúkúlùkù wa bèèrè, ìbáà ṣe ẹni tí ń fín oògùn, tàbí ẹni tí ń ra ẹ̀wà àti ewébẹ̀ ní ọjà Ìpàta, tàbí ẹni tí ń mu nínú omi odò Asà. Ìbéèrè náà ni èyí: nígbàtí koríko bá ti kú tán, níbo ni oògùn tí ó pa á gbà lọ?

Ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fún wa ni pé òjò ti gbé e lọ, tàbí pé oòrùn ti pa á. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ìdáhùn yìí, ṣùgbọ́n ó fi èyí tí ó tóbi jùlọ sílẹ̀. Ohun tí a fẹ́ fi hàn yín ni pé àwọn ẹ̀dá alààyè tí ń gbé inú ilẹ̀ ni ń jẹ púpọ̀ nínú àwọn oògùn wọ̀nyí run, àti pé gbòǹgbò ohun ọ̀gbìn ni ń bọ́ àwọn ẹ̀dá náà. Ilẹ̀ tí gbòǹgbò alààyè kún inú rẹ̀ a máa tètè mọ́. Ilẹ̀ tí a fi sílẹ̀ ní ìhòòhò a máa pa májèlé mọ́ pẹ́. Bí a bá mọ èyí, a ó mọ bí a ti í tọ́jú oko wa, a ó sì mọ ibi tí ìrànlọ́wọ́ gbòǹgbò pin sí.

ÌKÍNÍ: ÀWỌN OÒGÙN NÁÀ

Oògùn apakoríko kìí ṣe ẹyọ kan. Mẹ́rin ni a ó dárúkọ, nítorítí àwọn ni àwọn àgbẹ̀ wa mọ̀ jùlọ. Èkíní ni 2,4-D, tí ó dé ọjà ní kété tí ogun àgbáyé kejì parí lí ọdún 1945. Ó ń pa èpò eléwé gbẹ̀ẹ̀rẹ̀, ó sì ń dá àgbàdo àti àwọn ìbátan rẹ̀ sí. Èkejì ni atrazine, tí àwọn ará Switzerland mú jáde lí ọdún 1958. A máa ń fín in sí ilẹ̀ oko àgbàdo, ọkà bàbà àti ìrèké; gbòǹgbò èpò a fà á mu, kò sì ní jẹ́ kí ewé rẹ̀ lè lo ìmọ́lẹ̀ oòrùn mọ́. Ẹ̀kẹta ni paraquat, tí àwọn ará Ìlú Ọba bẹ̀rẹ̀ sí tà lí ọdún 1962. Ewé tútù tí ó bá fi ara kàn ni ó ń jó. Ẹ̀kẹrin ni glyphosate, tí ó dé ọjà ní Amẹ́ríkà lí ọdún 1974. Ewé ni ó ń gbà wọlé, a sì sọ̀kalẹ̀ lọ pa gbòǹgbò.

Ní orílẹ̀-èdè wa Nàìjíríà, àjọ NAFDAC tí ń ṣe àbójútó oúnjẹ àti oògùn kéde pé a ó fi òfin de paraquat láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024, àti atrazine láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025. Ṣáájú wa ni Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti pinnu lí ọdún 2004 láti kọ atrazine sílẹ̀, nítorítí a ń bá a nínú omi abẹ́ ilẹ̀, èyíinì ni omi tí kànga ń mú jáde.

Ẹ jẹ́ kí a kíyèsí ohun kan nínú ọ̀ràn òfin yìí. Òfin lè mú oògùn kúrò lórí àtẹ nínú ọjà, ṣùgbọ́n kò lè na ọwọ́ sínú erùpẹ̀ kí ó fa èyí tí a ti dà síbẹ̀ jáde. Èyí tí ó ti wọ ilẹ̀ ti wọ ilẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn ni yóò mú un kúrò, àwọn òṣìṣẹ́ náà ni a sì fẹ́ kí ẹ mọ̀.

ÌKEJÌ: Ọ̀NÀ TÍ OÒGÙN Ń GBÀ LỌ

Ọ̀nà mẹ́rin ni oògùn lè gbà lẹ́hìn tí ó bá dé orí ilẹ̀. Ọ̀nà kìíní ni òkè: oòrùn lè bà á jẹ́, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì lè bá afẹ́fẹ́ lọ. Ọ̀nà kejì ni omi: àgbàrá lè gbé e lọ sínú odò, tàbí kí òjò tẹ̀ ẹ́ rì sí ìsàlẹ̀ dé omi kànga. Ẹ kíyèsí i pé oògùn tí omi gbé lọ kò tíì parẹ́. Ó kàn ṣí kúrò ní oko ẹnìkan lọ sí ìkòkò omi ẹlòmíràn ni. Ọ̀nà kẹta ni kí amọ̀ dì í mú, kí ó lẹ̀ mọ́ erùpẹ̀. Ọ̀nà kẹrin ni kí ohun alààyè jẹ ẹ́, kí ó tú u palẹ̀ títí kò fi ní jẹ́ oògùn mọ́. Nínú àwọn ọ̀nà wọ̀nyí, èyí tí ó kẹ́hìn yìí ni ó sọ púpọ̀ nínú oògùn di aláìlágbára láì gbé ewu rẹ̀ ka orí ẹlòmíràn.

Àwọn onímọ̀ a máa fi ìdajì wọn bí oògùn ti ń pẹ́ tó nínú ilẹ̀. Wọn a bèèrè pé ọjọ́ mélòó ni yóò kọjá kí ìdajì rẹ̀ tó run. Ti 2,4-D kìí sábà ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ nínú ilẹ̀ tí ó gbóná tí ó sì tutù fún omi. Ti atrazine a máa tó nǹkan bí 60 ọjọ́, ó lè dín, ó sì lè lé. Ti paraquat tí amọ̀ ti dì mú a máa gba ọdún púpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi atrazine ṣe ìṣirò. Bí àgbẹ̀ kan bá fín ìwọ̀n 100 sí oko àgbàdo rẹ̀ lí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin, 50 ni yóò kù lí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà, 25 lí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ, àti 12 àti ààbọ̀ lí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá. Oṣù kẹjọ sì ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ní agbègbè wa ń gbin ẹ̀wà. Àgbàdo kò bẹ̀rù atrazine, ṣùgbọ́n ẹ̀wà, ẹ̀wà sóyà àti tòmátò ń bẹ̀rù rẹ̀ gidigidi. Nítorínáà, ẹ̀wà tí a gbìn sórí ìdá kan nínú mẹ́rin oògùn tí ó ṣẹ́kù lè hù dáadáa, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí pọ́n lí etí ewé lẹ́hìn ọ̀sẹ̀ méjì. Àgbẹ̀ yóò máa sọ pé èso ẹ̀wà tí òun rà kò dára, tàbí pé ẹnìkan ń ṣe òun, nígbàtí ohun tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dà sílẹ̀ lí oṣù kẹrin ni ó ń bá a jà. Àwọn àgbà wa ní, ẹni tí ó bá da eérú ni eérú ń tọ̀.

Kí a ràntí pẹ̀lú pé láti oṣù kọkànlá títí dé oṣù kẹta, ilẹ̀ Ìlọrin a máa gbẹ. Nígbàtí ilẹ̀ bá gbẹ, àwọn tí ń jẹ oògùn a dẹ́kun iṣẹ́, oṣù náà a sì fẹ́rẹ̀ má kà nínú ìṣirò wa. Oògùn tí a fín sílẹ̀ ní ìparí òjò lè sùn títí ọ̀gbẹlẹ̀ yóò fi kọjá, kí ó sì jí pẹ̀lú òjò tuntun.

ÌKẸTA: ÀWỌN TÍ Ń JẸ OÒGÙN

Ta wá ni àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí? Kòkòrò àìfojúrí ni wọ́n, àti ẹbí olú tí ó tín-ín-rín bí òwú aláǹtakùn. Nínú erùpẹ̀ tí ó lè kún ṣíbí kékeré kan, wọ́n lè pọ̀ ju gbogbo ènìyàn tí ń bẹ ní Nàìjíríà lọ. Púpọ̀ nínú wa mọ orúkọ kòkòrò àìfojúrí nítorí àrùn nìkan, ṣùgbọ́n àwọn tí ń mú àrùn wá kéré nínú wọn. Àwọn yòókù ni ń sọ ewé tí ó jábọ́ di ilẹ̀ ọlọ́ràá.

L. J. Audus, onímọ̀ ohun ọ̀gbìn kan ní Lọ́ńdọ̀nù, fi ìdánwò kan hàn lí ọdún 1949 tí ó yẹ kí gbogbo àgbẹ̀ mọ̀. Ó da omi tí 2,4-D wà nínú rẹ̀ sórí erùpẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí omi náà máa yí ká gba inú erùpẹ̀ náà kọjá léraléra. Lí ìbẹ̀rẹ̀, fún ìwọ̀n ọjọ́ díẹ̀, oògùn náà kò dínkù púpọ̀. Lẹ́hìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí run kíákíá títí ó fi tán. Nígbàtí ó da òmíràn sí erùpẹ̀ kan náà, kò sí ìdúró mọ́. Lójú kan náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí run. Kíni ìtumọ̀ èyí? Àwọn ẹ̀dá inú erùpẹ̀ ti mọ oúnjẹ náà, àwọn tí ó lè jẹ ẹ́ ti bí sí i, wọ́n sì ti pọ̀. Bí ó bá jẹ́ amọ̀ tàbí oòrùn ni ń ṣe iṣẹ́ náà, kò ní sí ìdí tí ìgbà kejì yóò fi yá ju ìgbà kìíní lọ.

Lí ọdún 1995, àwọn onímọ̀ ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà ròhìn pé wọ́n ti rí kòkòrò àìfojúrí kan, tí a ń pè ní Pseudomonas ADP, nínú ilẹ̀ tí oògùn apakoríko ti dà sí. Nítírójìn márùn-ún ni ó wà nínú ẹyọ atrazine kan, nítírójìn sì ni oúnjẹ tí gbogbo ohun alààyè ń wá kiri. Kòkòrò yìí lè fi atrazine nìkan ṣe orísun nítírójìn rẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ ikú fún koríko di oúnjẹ fún un.

ÌKẸRIN: GBÒǸGBÒ TÍ Ń SE OÚNJẸ

Nísisìyí a dé ọ̀dọ̀ gbòǹgbò gan-an. A ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà èwe wa pé gbòǹgbò ń fa omi, ó sì ń di igi mú kí ó má ṣubú. Èyí tí a kò sábà mọ̀ ni pé gbòǹgbò tún ń fúnni ní nǹkan. Ewé ń ṣe ṣúgà nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn, ó sì ń fi apá kan rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìsàlẹ̀. Gbòǹgbò kò sì jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Ó ń jẹ́ kí ṣúgà, omi kíkan àti oje yíyọ̀ jò sínú erùpẹ̀ tí ó yí i ká. Nínú àwọn ohun ọ̀gbìn kan, èyí tí ó ń jò bẹ́ẹ̀ lè tó ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ohun tí ewé ṣe. Ẹ wo irú ìnáwó bẹ́ẹ̀!

Nítorí oúnjẹ yìí ni àwọn ẹ̀dá kékeré fi ń péjọ sí ìdí gbòǹgbò bí ènìyàn ti í péjọ sí ibi ìnáwó. Lí ọdún 1904 ni Lorenz Hiltner, ará Jámánì, fún àyíká yìí lí orúkọ. Ó pè é ní rhizosphere. Àwa yóò pè é ní àyíká gbòǹgbò. Kò fẹ̀ rárá: ìwọ̀nba ìnípọn owó ẹyọ mélòókan ni, yí gbogbo ẹ̀ka gbòǹgbò ká. Síbẹ̀síbẹ̀ kòkòrò àìfojúrí tí ń gbé inú rẹ̀ a máa pọ̀ ní ìlọ́po mẹ́wàá, nígbà mìíràn ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún, ju ti erùpẹ̀ tí ó jìnnà sí gbòǹgbò lọ. Níbi tí alásè bá ti pọ̀, tí ajẹ sì pọ̀, oògùn tí ó bá bọ́ sáàrin wọn kì yóò pẹ́.

Èyí kì í ṣe àbá lásán. Lí ọdún 1984, Sandmann àti Loos ka àwọn kòkòrò tí ń jẹ 2,4-D nínú ilẹ̀ àti lí àyíká gbòǹgbò oríṣiríṣi ohun ọ̀gbìn, wọ́n sì rí i pé wọ́n pọ̀ lí ìdí ìrèké gidigidi. Àwa ará Kwárà mọ ìrèké. Ní Bacita, lẹ́bàá odò Ọya, ni iléeṣẹ́ ṣúgà ńlá àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lí àwọn ọdún 1960, oko ìrèké sì tẹ́ lọ rẹrẹ níbẹ̀. Ìrèké a máa dúró sí ojú kan lí ọdún pípẹ́, gbòǹgbò rẹ̀ kìí sì í fi ilẹ̀ sílẹ̀, nítorínáà àwọn ẹ̀dá tí ń bá a gbé ní ààyè láti pọ̀.

Ní ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà, níbi tí àgbàdo ti pọ̀ bí yanrìn, Todd Anderson, Joel Coats àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn mú erùpẹ̀ láti ibi tí a ti ń ta oògùn oko, níbi tí oògùn ti dà sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Èpò kan tí ń jẹ́ Kochia lè dúró níbẹ̀. Wọ́n fi erùpẹ̀ ìdí èpò náà wé erùpẹ̀ ibẹ̀ tí ohunkóhun kò hù lórí rẹ̀. Lí ọdún 1994 wọ́n ròhìn pé atrazine àti oògùn méjì mìíràn tètè run nínú erùpẹ̀ ìdí èpò ju nínú èyí tí ó wà ní ìhòòhò lọ. Ilẹ̀ kan náà ni, oògùn kan náà ni. Gbòǹgbò ni ó mú ìyàtọ̀ wá.

Gbòǹgbò tìkárarẹ̀ tún ní ẹnu. Àgbàdo a máa fa atrazine mu bí èpò ti ń fà á mu, ṣùgbọ́n ó ní ohun kan nínú ara rẹ̀ tí ń yí i padà di aláìlágbára kí ó tó lè ṣe é ní ibi. Ìdí nìyí tí èpò fi ń kú tí àgbàdo kò sì kú. Ní Iowa kan náà, Burken àti Schnoor fi hàn lí àwọn ọdún 1990 pé igi poplar ń fa atrazine láti inú ilẹ̀, ó sì ń tú u palẹ̀ nínú ewé àti ẹ̀ka rẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèǹgbè: kòkòrò àìfojúrí kò lè ṣe ṣúgà láti inú oòrùn, gbòǹgbò kò sì lè jẹ gbogbo oògùn tí ó wà nínú ilẹ̀, ṣùgbọ́n nígbàtí wọ́n bá jùmọ̀ ṣiṣẹ́, ilẹ̀ a mọ́.

ÌKARÙN-ÚN: IBI TÍ AGBÁRA GBÒǸGBÒ PIN SÍ

Bí a bá dúró níhìn-ín, a ó ti ṣi yín lọ́nà. Ẹnìkan lè jáde kí ó sì wí pé, "Bí gbòǹgbò bá ń ṣe gbogbo èyí, ẹ jẹ́ kí n fín ìlọ́po méjì." Irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ yóò pàdánù, fún ìdí márùn-ún.

Ìdí kìíní: bí oògùn bá pọ̀ rékọjá, gbòǹgbò tí ìbá bọ́ àwọn òṣìṣẹ́ yóò kú pẹ̀lú. Níbi tí a ti da ìyókù ẹ̀rọ sílẹ̀ lójú kan, koríko a máa kọ̀ láti hù níbẹ̀. Ibi tí ó nílò gbòǹgbò jùlọ ni gbòǹgbò kò sí.

Ìdí kejì: gbòǹgbò kò rí paraquat ṣe. Amọ̀ a máa dì í mú bí ọ̀dà ti í lẹ̀ mọ́ ògiri, àwọn kòkòrò kò sì lè fà á yọ láti jẹ ẹ́ bí ó ti yẹ. Kò ní pa ohun ọ̀gbìn nígbàtí ó wà ní dídè bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí a bá ń fín lí ọdọọdún ń gorí ara wọn ni. Ewu tí ó sì tóbi jùlọ nínú paraquat ni ẹnu ènìyàn: ìwọ̀n kékeré tí ènìyàn bá gbé mì lè pa á, kò sì sí ẹ̀rọ̀ tí ó dájú fún un.

Ìdí kẹta: gbòǹgbò tí ó ti kú lè di ibi ìsádi fún oògùn. Glyphosate a máa bá ara koríko sọ̀kalẹ̀ wọ inú gbòǹgbò. Nígbàtí ó bá wà nínú gbòǹgbò òkú, àwọn tí ń jẹ ẹ́ kò lè tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ títí gbòǹgbò náà yóò fi jẹrà. Gbòǹgbò alààyè ni a ń yìn, a kò yin òkú.

Ìdí kẹrin: ihò tí gbòǹgbò ńlá bá fi sílẹ̀ lẹ́hìn tí ó ti jẹrà lè di ojú ọ̀nà fún omi. Bí òjò ńlá bá rọ̀ lí ọjọ́ kejì tí a fín oògùn, omi lè gba ihò náà sọ̀kalẹ̀ kíákíá, kí ó sì gbé oògùn rékọjá àwọn tí ìbá jẹ ẹ́, dé ọ̀nà kànga.

Ìdí karùn-ún: ẹ rántí ìdánwò Audus. Ilẹ̀ tí a ń fi oògùn kan náà bọ́ lí ọdọọdún a máa kọ́ bí a ti í jẹ ẹ́. Nígbàtí ó bá mọ̀ ọ́n jẹ tán, oògùn náà yóò run kí ó tó pa èpò. Àgbẹ̀ yóò fín sí i, owó rẹ̀ yóò sì máa lọ, èpò yóò sì máa rẹ́rìn-ín.

ÌKẸFÀ: OHUN TÍ A LÈ ṢE

Kíni kí a wá ṣe? A ó sọ ìwọ̀nba èyí tí ó wà lí agbára olúkúlùkù.

Ẹ má ṣe fi ilẹ̀ sílẹ̀ ní ìhòòhò. Lẹ́hìn ìkórè àgbàdo àkọ́kọ́, bí omi bá ṣì wà nínú ilẹ̀, ẹ jẹ́ kí ohun kan wà lórí rẹ̀ tí gbòǹgbò rẹ̀ yóò máa ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá mọ̀ pé a ti fín atrazine sí ilẹ̀ náà, ọkà bàbà tàbí àgbàdo ni kí ẹ fi tẹ̀lé e, kí ẹ tó mú ẹ̀wà tàbí ewébẹ̀ dé ibẹ̀. Ọkà bàbà lè fara da ìyókù oògùn náà, gbòǹgbò rẹ̀ yóò sì máa bọ́ àwọn òṣìṣẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi rọrùn fún ẹ̀wà.

Ẹ má ṣe sun gbogbo ewé àti pòròpórò oko. Ilẹ̀ agbègbè wa ní yanrìn púpọ̀, ewé jíjẹrà inú rẹ̀ kò sì pọ̀. Ewé tí ó jẹrà a máa di oògùn mú kí ó má ṣe sáré lọ sí odò, a sì máa fún àwọn kòkòrò ní oúnjẹ àti ibùgbé. Ẹni tí ó sun ún tan ti sun ilé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ má ṣe da ajílẹ̀ nítírójìn rékọjá ìwọ̀n. Nígbàtí nítírójìn bá pọ̀ yanturu nínú ilẹ̀, àwọn kòkòrò tí ìbá wá a lọ sínú atrazine lè má wàhálà mọ́. Ẹni tí oúnjẹ wà níwájú rẹ̀ kìí wá a lọ sí oko.

Ẹ kọ́ láti fi ohun ọ̀gbìn bá èpò jà. Ní Dahomey àtijọ́, tí a ń pè ní orílẹ̀-èdè Benin nísisìyí, ẹ̀kan ti gba oko lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ apá gúúsù. Láti ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ ìjọba ibẹ̀ àti ti IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn lí ọdún 1967, gbà wọ́n ní ìmọ̀ràn láti gbin irú wẹ̀rẹ̀pẹ̀ kan tí kìí yún ni lára, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Mucuna. Ó bo ẹ̀kan mọ́lẹ̀, ó sé ìmọ́lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ̀kan sì kú. Lí àwọn ọdún 1990, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbẹ̀ ti gbà á. Kí a kìlọ̀ níhìn-ín pé a kìí se èso rẹ̀ jẹ bí ẹ̀wà lásán, nítorí ohun olóró kan wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo èrè rẹ̀: èpò kú láì sí oògùn, gbòǹgbò alààyè sì wà nínú ilẹ̀ ní gbogbo àkókò náà.

Ẹ má ṣe fọ ẹ̀rọ ìfín-oògùn lẹ́bàá odò tàbí kànga, ẹ má sì ṣe fi ike oògùn gbé omi tàbí epo. Fi gbòǹgbò koríko sí àárín oko àti odò. Ẹ jẹ́ kí bèbè odò kún fún koríko àti igi, kí àgbàrá lè bọ́ oògùn sílẹ̀ níbẹ̀ kí ó tó dé inú omi.

Níkẹhìn, ẹ dán ilẹ̀ yín wò kí ẹ tó gbin ẹ̀wà. Ìdánwò yìí kò gba owó. Bu erùpẹ̀ láti ibi mẹ́wàá nínú oko náà, kí ó má jìn ju ìka ọwọ́ kan lọ, kí o sì pò ó pọ̀. Dà á sínú igbá tàbí ike tí a ti lu nídìí. Bu òmíràn sínú èkejì láti ibi tí a kò fín oògùn sí rí. Gbin èso ẹ̀wà mẹ́wàá sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, fi wọ́n sí oòrùn, kí o sì máa bu omi díẹ̀ sí wọn. Má ṣe yọ̀ nítorí pé wọ́n hù, nítorí èso a máa kọ́kọ́ jẹ láti inú àpò tirẹ̀. Dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí ewé ti inú igbá kìíní bá ń pọ́n lí etí, tí ó sì ń gbẹ láti ọ̀dọ̀ ewé tí ó dàgbà, nígbàtí ti èkejì tutù yọ̀yọ̀, mọ̀ pé oògùn ṣì wà nínú ilẹ̀ rẹ. Fi ọkà bàbà sí i, kí o sì dúró di òjò mìíràn. Igbá méjì yìí yóò gbà ọ́ lọ́wọ́ àdánù oko odindi.

Ẹ̀yin ará wa, àgbẹ̀ tí ó kọ́ wa láti ro oko sọ fún wa pé kí a fa gbogbo èpò tu, kí ilẹ̀ lè mọ́. Ní ojú tiwa, ilẹ̀ mọ́ nígbàtí kò sí ohun kan lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ó ti gba oògùn ní ọ̀nà mìíràn tí ó fi ń mọ́, ọ̀nà náà sì wà lí abẹ́, níbi tí gbòǹgbò ti ń fi ṣúgà ránṣẹ́ sí àwọn tí ojú wa kò rí. Kí ẹni tí ó ní oko bọ́ wọn. Kí ẹni tí kò ní oko bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń ta ẹ̀wà fún un, irú ilẹ̀ wo ni ó gbìn ín sí.